PhD tó fẹ́ gbé mi dé Ìfọ́n

Látàárọ̀ ni mi ò ti lè jókòó síbì kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo ti ń kọ̀wé sí láti èṣí pé kí wọ́n gbà mí fún PhD fèsì lónìí. Wọ́n ní àyè wà, àmọ́ iyẹ̀pẹ̀ oko Ìlobù àti ti Ìfọ́n ni màá fi ṣèwádìí.

Mo sọ fún màámi. Wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bẹ sílẹ̀.

"Ta ló máa jẹ́ kí ọmọ Ìlobù wá wọnlẹ̀ ní Ìfọ́n?"

"Mi ò wọnlẹ̀, mà. Iyẹ̀pẹ̀ lásán ni mo fẹ́ bù."

"Ṣebí iyẹ̀pẹ̀ náà làwa àtàwọn ará Ìfọ́n jọ ń jà lé lórí."

Mo wọlé, mo fèsì fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé mo gbà. Màámi ò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin ará Ìfọ́n tó ń kà á, tí mo bá dé, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kí?