Ara Tí Ràmọ́tà Ń Jowú

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 1988, ìwọ̀n Kúbúrátù jẹ́ kílò mẹ́rìnléláàádọ́fà. Ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ràmọ́tà, ìyálé rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń wò ó. Àánú kọ́ ló ń ṣe é. Òun ló bá Hussein, ọkọ wọn, ta aṣọ lọ́jà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ kí wọ́n tó ní ìsọ̀, ṣùgbọ́n Kúbúrátù ni Hussein fi ń yangàn.

"Ṣé ẹni tí ebi ń pa lẹ rí yìí?" ló máa ń bi àwọn oníbàárà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá yíjú wo egungun ọrùn Ràmọ́tà.

Nọ́ọ̀sì Olúwatóyìn pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. "Àìsàn ni ọ̀rá yìí, kì í ṣe ìgbádùn. Oògùn nìkan ò sì lè ká a. Ta ló ń se oúnjẹ?"

"Wọ́n jọ ń gbà á sè ni," Hussein dáhùn.

"Ó dáa, iṣẹ́ gbogbo yín ni. Màmá, tó bá kàn yín, ẹ dín epo àti iyán rẹ̀ kù, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Bàbá, ẹ máa bá a fẹsẹ̀ rìn. Kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò l'Ọ́yọ̀ọ́, kí ẹ máa mú èsì wá bá mi."

Bí Hussein ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja tútù fún Kúbúrátù nìyẹn. Láràárọ̀, àwọn méjèèjì á jọ rìn lọ sọ́jà.

"Tọkọtaya ọ̀ṣìngín, ẹ kú ìrìn o!" làwọn ará àdúgbò ń pariwo.

Ràmọ́tà ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù aṣọ. Kò sẹ́ni tó kí i. Àìsàn pàápàá, Kúbúrátù ló rí i gbà!

Nígbà tí wọ́n tún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó yọ́ lọ sí Ọjà Igbó, ó ra oògùn ìsanra lọ́wọ́ Simon, ọkùnrin kan tó ń ta oògùn níbẹ̀.

"Ìyá, kóṣù yìí tó parí, ọkọ yín ò ní dá yín mọ̀," Simon ní.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tí ojú Ràmọ́tà fi yọ rọ̀bọ̀tọ̀. "Ìyá Mashood, ara ń tutù o!" ni gbogbo Akẹ̀sán fi ń kí i. Kúbúrátù ń fọn ní tirẹ̀, wọ́n sì ń bi Hussein bóyá ó ti kọ̀ ọ́ ni. Ojú ti Hussein. Ó pa ìrìn àárọ̀ tì.

"Bu epo sọ́bẹ̀ Kúbúrátù, jàre," ó sọ fún Ràmọ́tà. "Wọ́n ti ń fi mí ṣẹ̀sín."

Ràmọ́tà kò bu ú. Kò fẹ́ kí Kúbúrátù tún sanra jù ú lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ Kúbúrátù ti wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ojú Ràmọ́tà, ó fa apá rẹ̀, ó yẹ ẹ́ wò. Tirẹ̀ ló wá ń ru.

"Màmá, kí lẹ̀ ń lò?"

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lo nǹkan, ẹ sọ fún wọn," Kúbúrátù bẹ̀ ẹ́.

Ràmọ́tà wo Hussein. "Mi ò lo nǹkan kan. Ọkọ mi ló ń tọ́jú mi."

Hussein rẹ́rìn-ín músẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà, Ràmọ́tà tún lo oògùn náà.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ìwọ náà ti kí irú Ràmọ́tà kú ara tó ń tutù rí. Wá obìnrin tí o kí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí rí, kí o sì mú un lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Dìde, lọ nísinsìnyí.