Ìgbà Tí Bàbá Mi Dé Omi Lórí Bí Ebè Iṣu

Òórùn jafẹ́ẹ̀lì, omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ni ó máa ń kọ́kọ́ dé imú mi bí mo bá rántí àwọn ọdún Rẹfolúsíọ̀n, kí n tó rántí orin ìwọ́de tàbí àsíá. Nígbà náà mo ti tó ẹni tí ó yẹ kó wà nílé ọkọ, ṣùgbọ́n ilé òyìnbó ni mo wà, lẹ́yìn Tchaourou lójú ọ̀nà Kika, tí mo ń fọṣọ, tí mo ń gbálẹ̀, tí mo sì ń gbéra ga nítorí Faransé díẹ̀ tí mo gbọ́. Ọ̀gá mi ni ó ń tún àwọn ẹ̀rọ òwú ìjọba ṣe, ilé tí wọ́n fún un sì jẹ́ ti ìjọba. Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní madámù, kò dá. Igi méjì ni ó fi ń rìn nílẹ̀, a sì máa fún eyín pọ̀ nítorí ìrora. Àfi bí ó bá wọ inú omi. Nínú omi, á rìn láti etí kan dé èkejì bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Nítorí ìyẹn ni ọkọ rẹ̀ ṣe gbẹ́ písíìnì sẹ́yìn ilé fún un, kòtò ńlá oníṣìmẹ́ǹtì tí omi kún inú rẹ̀.

Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí omi náà, àpò àpò, nígbà tí àwa ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìjọba nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tí omi oníyọ̀ náà ń gbà kọjá, bí ó bá sì jáde, ó ti ní kulọ́ọ̀ nínú, oògùn tí ń pa kòkòrò inú omi, tí òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti jafẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá jókòó, ó ya àwòrán, ó ṣàlàyé bí iná mànàmáná ṣe ń sọ iyọ̀ di kulọ́ọ̀. Mo ní, “Oui, monsieur.” Irọ́ ni mo pa. Ohun tí mo ń rò ni pé bí iyọ̀ bá lè di jafẹ́ẹ̀lì, a jẹ́ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ọbẹ̀ ìyá mi ti ń fọ ikùn wa.

Ohun kan ṣoṣo tí ó yé mi ni àyẹ̀wò. N ó bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, n ó kán oògùn sí i. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú bí omi tí a fi ṣan igbá epo, kulọ́ọ̀ pé. Bí ó bá pọ́n bí epo gan-an, ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá sì funfun bí omi lásán, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, madámù kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ lọ wá irin iṣẹ́ ní Cotonou, èmi ni ó fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí ó lọ ni delegé wa dé. Ẹni tí ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ni tẹ́lẹ̀, kí Rẹfolúsíọ̀n tó sọ ọ́ di ojú ìjọba ládùúgbò. Ó fi bàtà gbá etí písíìnì.

“Kamaráàdì, ilé yìí, ti ìjọba ni. Omi yìí pàápàá, ti ìjọba ni. Ẹni tó bá bà á jẹ́, saboteur ni. Àtìmọ́lé brigade ló ń lọ tààrà. Donc, ṣọ́ra ẹ.”

Ọ̀tá ìjọba ni wọ́n ń pè ní saboteur. Wọ́n ti fi orúkọ náà mú ọkùnrin kan ní Goro nítorí ẹ̀rọ ìfami tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ púpọ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó tún fojú kàn án. Ẹ̀rù bà mí dé egungun.

Àfi bí ẹni pé omi náà gbọ́. Láàárọ̀, ìgò mi á pọ́n rúsúrúsú. Kí oòrùn ọ̀sán tó yẹ̀, á funfun báláú. Mo yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ sókè. Ó funfun. Mo da iyọ̀ sí i. Ó funfun. Mo bu omi náà sí àtẹ́lẹwọ́, mo tọ́ ọ wò bí ẹni ń se ọbẹ̀: iyọ̀ wà níbẹ̀. Níbo wá ni kulọ́ọ̀ ń gbà lọ? Mo fura sí aládùúgbò, mo fura sí àkèré, mo fura sí ara mi. Madámù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé igi rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó ń wo omi tí kò lè wọ̀.

Bàbá mi ni ó ti Kika gbé iṣu wá fún mi, tí ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo omi, ó wo òkè, ó tún wo omi.

“Oòrùn ló ń jẹ ẹ́,” ó ní. “Ìwọ tí a bí lóko! Bí a bá gbin èèbù tán, kí la ń ṣe sí ebè?”

“A ń fi koríko dé e lórí ni, Bàbá.”

“Bon. Kí lo tún ń sunkún sí?”

Bàbá mi kò gbọ́ ju “bon” yẹn lọ nínú Faransé. Ó gé ọparun, ó tò ó la omi náà já, ó wá fi bẹẹrẹ gbígbẹ bò ó láti etí dé etí bí ẹni ń dé ebè ńlá kan. Madámù ń wò wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà títí a fi parí. N kò ṣàlàyé fún un, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ebè ní Faransé.

Nírọ̀lẹ́, mo bomi sínú ìgò, ó pọ́n rúsúrúsú! Mo fò sókè. Mo gbá bàbá mi mọ́ra, ohun tí n kò ṣe rí láti kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́jọ́ kejì, bàbá mi kò sì tíì padà sí Kika.

Lọ́jọ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò jà. Ọparun ṣẹ́, gbogbo bẹẹrẹ wó sínú omi pẹ̀lú eruku àti eèrà inú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà ti dúdú bí àgbo. Mo kán oògùn sí ìgò léraléra, kò pọ́n. Ibi tí èmi àti bàbá mi ti ń fi igbá kó koríko ni delegé bá wa, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tẹ̀ lé e.

“Ta ló ṣe èyí?”

Bàbá mi gbé igbá sílẹ̀. “Èmi ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ bá wọn—”

“Baba, ẹ ti dá ara yín lẹ́jọ́. Ẹ máa bọ̀.”

Mo di aṣọ bàbá mi mú. N kò mọ ohun tí mo ń sọ, Yorùbá ni, Faransé ni, n kò mọ̀. Ìgbà náà ni a gbọ́ ìró igi lórí ṣìmẹ́ǹtì. Madámù ti sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, òógùn bo ojú rẹ̀.

“C'est moi,” ó ní. “Èmi ni mo ní kí wọ́n bò ó. Èmi ni mo ní kí wọ́n da koríko sí i. Oògùn ẹsẹ̀ mi ni.”

Delegé wò ó, ó wo omi dúdú, ó wo èmi tí mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Madámù kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ju igi rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó di irin etí omi mú, ó sì wọ inú rẹ̀ tòun taṣọ. Ó ń rìn. Bẹẹrẹ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, eèrà ń gun irun rẹ̀, ó sì ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀.

Delegé kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí a mú ìyàwó òyìnbó ìjọba. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì kígbe bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láyé ìgbà náà: “Prêt pour la révolution!”

Láti inú omi, madámù dáhùn pé ìjà ń tẹ̀síwájú: “Et la lutte continue!” Wọ́n lọ.

Igi kaṣú ló yí ibẹ̀ ká báyìí. Ọmọ mi tí ó kàwé ti ṣàlàyé fún mi bí iyọ̀ ṣe ń di kulọ́ọ̀; ó yé mi títí mo fi dé ilé ìdáná, ó sì tún fò lọ. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tí mo ṣì ń bi ara mi ni ìdí tí obìnrin náà fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní ohun tí madámù sọ kì í ṣe irọ́ rárá: òun ti nawọ́ bẹẹrẹ sí i láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń bo omi, ó sì mi orí sí òun pé kí òun bò ó. Ohun tí ó sọ títí ó fi kú nìyẹn. Èmi wà níbẹ̀, n kò rí i kí ó mi orí. Mo fẹ́ bi madámù léèrè lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó kó lọ, ojú ń tì mí. N kò mọ èwo ni òótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé rẹ̀ ní Kika ni bàbá mi sùn lálẹ́ ọjọ́ tí delegé wá mú un.