Ọ̀gá Díwọ̀n Gbé Maṣíìnì Gun Orí Pèpéle

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi tẹ̀lé àwọn tó ti lọ.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa olóògbé Ọ̀gá Díwọ̀n, télọ̀ àdúgbò wa. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni ọjọ́ tó gbé maṣíìnì ìránṣọ gun orí pèpéle, tó mú ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, tó ní kí èrò ṣe sùúrù, òun fẹ́ fọn fèrè.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ohunkóhun láìwọ̀n ọ́n. Kó tó gé búrẹ́dì, á na téèpù sí i. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí bàbá ìyàwó rẹ̀, ó ti mọ ìbú èjìká àna kó tó kí i tán.

Bó ṣe ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin àdúgbò wa nìyẹn: ohun tó wà nínú ìwé orin, kò lé, kò dín. Bí wọ́n bá ní kó fọn tinú ara rẹ̀, òógùn á bò ó, ètè á gbẹ, fèrè á máa mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bí ewúrẹ́ tó sáré gun òkè. Olórí ẹgbẹ́ bá là á mọ́lẹ̀ pé ní Sátidé, oníkálukú máa dá dúró níwájú èrò fọn ohun tí kò sí nínú ìwé. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó dá fèrè ẹgbẹ́ padà.

Ó délé, ó ní ẹni tó máa gba fèrè náà lọ́wọ́ òun kò tíì jẹun kánú.

Ìyàwó rẹ̀ ló kíyè sí i pé bí òun bá ń tẹ maṣíìnì, tó ń ró gbirigbiri, ọkọ òun máa ń rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ fèrè, á sì máa fọn ohun tí kò sí nínú ìwé kankan láyé. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, fèrè á dúró. Nígbà tó sọ fún un, Ọ̀gá Díwọ̀n ní ọ̀rọ̀ bùṣe: maṣíìnì ń bá àwọn lọ.

Ní Sátidé, onígbàjámọ̀ àdúgbò wa tó jókòó níwájú béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ fọn orin ni, àbí ẹ fẹ́ rán an?"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Màá rán an kó bá ẹ mu."

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pẹ́dà. Fèrè ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àfi báú, bẹ́líìtì tó ń yí maṣíìnì já. Maṣíìnì dákẹ́, fèrè dúró, ojú Ọ̀gá Díwọ̀n ràn kókó.

"Olówó orí mi," ìyàwó rẹ̀ rọra wí, "ẹ máa fọn ún lọ. Mo ṣì wà níbí."

Ó dijú, ó sì fọn ún. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi àṣìṣe náà dárà bí ìgbà téèyàn fi àjákù aṣọ mèremère lẹ ibi tó ya. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Ogún ọdún ló tún fi fọn fèrè, kò sì gbé maṣíìnì dání mọ́. Ní báyìí tó ti lọ, opó rẹ̀ ṣì máa ń tẹ maṣíìnì náà lọ́sàn-án láìfi aṣọ sí i, á wá tẹ́tí sílẹ̀.

Ẹ fojú fo eyín mi o, irọ́ kan péré ni mo pa: bẹ́líìtì kò já. Ìyàwó rẹ̀ ló gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Nígbà tí wọ́n délé, Ọ̀gá Díwọ̀n na téèpù sí bẹ́líìtì náà, ó rí i pé ó pé, kò sì bi ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan kan títí tó fi jáde láyé.