Màmá Tí Kì Í Ṣàìsàn

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kímò l'Ákùúrẹ́, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ sọ fún mi pé fífa oògùn sí aláìsàn lára kọ́ niṣẹ́. Ohun tí oògùn náà máa fojú wọn rí nílé niṣẹ́. Kímò ni oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, àmọ́ kì í mojú ẹnì kan. Ó ń pa jẹjẹrẹ, ó ń mú kí irun re, ó ń dá egbò sẹ́nu, ó sì ń pa ohun tó ń bá wa gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá gbóná lásìkò yẹn, ẹ má pè é ní ibà. Ọsibítù ni kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ikú ni.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń pe àwọn aláìsàn wa nílé lórí fóònù. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bóo bá bi wọ́n pé ṣé ara le, wọ́n á ní a dúpẹ́. Ọkùnrin ará Ìlárá-Mọ̀kín kan dá mi lóhùn pé kò séwu, láti orí ilẹ̀ tó ṣubú sí.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Màmá Akínwálé, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì l'Óǹdó, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Lójú tiwọn, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àìsàn ti gbà á lálejò. Jẹjẹrẹ ọmú tó ń ṣe wọ́n, "nǹkan yẹn" ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀, wọ́n sì máa ń bí mi nínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú gan-an, mo pè wọ́n.

"Màmá, ṣé ara ò gbóná?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi. Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

Wọ́n tún béèrè ìyá ọkọ mi. Mo ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ kí n tó gbọ́ pé eyín wọn ń kan ara wọn.

"Màmá, kí lẹ wọ̀?"

Màmá kì í parọ́.

"Súwẹ́tà."

"Òun nìkan?"

"Mo da kúbùsù bora. Méjì."

"Nínú ooru yìí?"

"Atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀ l'Óǹdó."

Mo ní kí wọ́n fún ọmọbìnrin wọn ní fóònù. Wọ́n ní ó ti lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì.

"Ta ni ibà ń ṣe?"

"Kò sẹ́ni tí ibà ń ṣe."

Mo jágbe mọ́ wọn, èmi tí mi ò jágbe mọ́ àgbà rí. Mo ní kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí ọsibítù tó wà nítòsí wọn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sọ pé kímò ni wọ́n ń gbà. Wọ́n lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tí mò ń kọ́ báyìí, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má bi àgbà pé ṣé ara le, kí wọ́n bi í léèrè ohun tó wọ̀ àti ohun tó jẹ.

Fún ọjọ́ mélòó kan, a ò mọ̀ bóyá Màmá á yè é. Mo gbàdúrà, mo sì ń bínú sí wọn nínú àdúrà náà. Nígbà tí mo dé Oǹdó, wọ́n ti lajú, omi ń kán wọ̀ wọ́n lára.

"Màmá, báwo lara?"

"Kò dáa," ni wọ́n wí. "Ẹnu ń ta mí. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Èékánná mi ti dúdú. Ẹ̀rù sì bà mí, ọmọ mi. Mo rò pé ó ti parí."

Mo fa bírò yọ, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, omijé sì ń kán sórí ìwé.

Màmá wò mí títí.

"Nu ojú rẹ," ni wọ́n wí, "kóo lè kọ ọ́ dáadáa. Ó ṣì kù."