Kànga Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbẹ́ Sínú Aṣálẹ̀

Ọjọ́ Àìkú kìn-ín-ní tí mo lè pe ilé láti Turin ní Ítálì, ohun tí màmá mi kọ́kọ́ bi mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́. Mo ní ó wà. Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú nígbà náà, ó ti tó oṣù mẹ́jọ, ojú mi ló sì ṣe.

Kí ni ǹ bá sọ? Nílé wa, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lórí tẹlifóònù. Àwọn àgbà ló máa ń lọ bá a láàárọ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká títí ara rẹ̀ á fi fura. Àgbà wo ni mo ní ní Turin tí mo lè rán? Gbogbo wa tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì la ń sá fún ọlọ́pàá. Mo wá bá ara mi ṣàdéhùn pé bí permesso di soggiorno mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, bá ti jáde, tí mo lè lọ kí n sì padà, màá lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, màá sì sọ ọ́ fúnra mi. Àdéhùn yẹn ni mo fi ń sùn.

Ọ̀nà Líbíà lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ tí ọkọ̀ fi já wa sílẹ̀ níbì kan láàárín aṣálẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Àwọn arúgbó ibẹ̀ ní òyìnbó ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n fi ẹ̀rọ wa kùsà títí ọjà rẹ̀ fi kú, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ, wọ́n fi ihò àti ilé páànù sílẹ̀. Àwọn tó ṣe lébìrà fún wọn kò níbi tí wọ́n fẹ́ lọ, ni wọ́n bá tẹ̀dó. Òfin wọn kò le rárá. Ẹni tó bá to òkúta yí ilẹ̀ ká, tó gbẹ́ kànga sínú rẹ̀ tó sì kan omi, òun ló nilẹ̀. Ẹni tí kò bá kan omi, kó máa wa kùsà fún ẹlòmíì lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí, ó gbàgbé Yúróòpù.

"Ilẹ̀ ọ̀fẹ́!" ló ń wí. "Kí la tún ń wá lọ sọ́dọ̀ òyìnbó?"

Èmi kò fẹ́ dúró. Ó bẹ̀ mí pé kí n ṣáà bá òun máa fa garawa iyanrìn sókè títí òun á fi kan omi, kí n wá máa lọ.

Iṣẹ́ kànga ni bàbá wa fi tọ́ wa. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ tiwa, o lè gbẹ́ kànga kó jìn dé ibi tí ojú ò tó, ògiri rẹ̀ á dúró gbọn-in. Ọkùnrin tí ilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa wá wò wá lọ́jọ́ kejì. Ó fi Hausa àti ọwọ́ júwe fún wa pé bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ká máa to igi àti koríko híhun sí ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

"Sọ fún un pé inú kànga ni wọ́n bí wa sí," ó ní.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ara mi ń rí mi lára.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó kígbe láti ìsàlẹ̀: "Ó ti tutù! Iyanrìn ti tutù!" Inú mi dùn, kì í ṣe nítorí tirẹ̀ o, nítorí pé mo lè máa lọ ni. Ògiri kan sì ya wálẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo ará ibẹ̀ jáde wá bá mi wà á fún ọjọ́ méjì, bí a ṣe ń kó iyanrìn jáde ló ń dà padà. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n ní omi ló kan, nítorí náà ilẹ̀ di tirẹ̀. Wọn kò yọ òkúta rẹ̀ kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi di onílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ èyí fún ní Turin, bàbá onílé mi. Ìjọba wọn ló kó òun àtàwọn òbí rẹ̀ láti ẹ̀bá Padua nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n lọ tẹ̀dó sí aṣálẹ̀ Líbíà. Ó fi fọ́tò hàn mí: ilé funfun, kànga, àlìkámà tí kò ga ju orúnkún lọ. Ogun lé wọn kúrò níbẹ̀. Ó ń sunkún oko tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì fún wọn, mo sì ń bá a sunkún, torí mo ní ẹkún tèmi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ tèmi tán, ó ní, "Diglielo, figlio. Sọ fún ìyá rẹ, ọmọ mi." Mo ní, "Sì, sì," bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

Permesso mi jáde. Oṣù kan kọjá, mo ní kí òtútù lọ ná. Oṣù kejì, mo ní wọn ò ní fún mi láyè ní ilé iṣẹ́ mi ní Collegno. Irọ́ ni. N kò tíì béèrè.

Ní ọjọ́ Àìkú kan mo pe ilé, ohùn màmá mi kún fún ayọ̀.

"A ti fẹ́yàwó fún ẹ̀gbọ́n ẹ! Lánàá ni. Fọ́tò ẹ̀ la gbé sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Ẹni tó níyàwó nílé, á rántí ilé."

"Màámi," mo ní.

"Kí ló dé? Inú ẹ ò dùn ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì mi. Ó gbé tẹlifóònù fún ìyàwó. Ohùn ọmọdébìnrin ni mo gbọ́, ó ń tijú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé kí n dúró dè wọ́n níbí, àbí kí n ṣì máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi?"

Mo mọ̀ pé gbólóhùn kan péré lè dá a padà sílé wọn lọ́jọ́ náà. Mo tún mọ ẹni tó dúró tì í, tó ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí o dúró," mo ní.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dúró.