Kì-í-Ṣèmi, Olùṣọ́ Àdírẹ́sì

Ọjọ́ tí Kì-í-ṣèmi sọ ọ̀gá àgbà di àdírẹ́sì ni wọ́n ṣì ń ròyìn nílé-iṣẹ́ náà títí dòní.

Láti àárọ̀ ni ìkànnì tí àwọn aláìsàn ti ń wo èsì àyẹ̀wò wọn ti ń yí wọn po. Bí wọ́n bá ti wọlé tán, á tún dá wọn padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sáfà méjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá ìkànnì lóhùn, ló ń ṣiṣẹ́ náà. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gba àlejò, á tún àdírẹ́sì wọn kọ, á sì rán wọn wọlé. Ọwọ́ Kì-í-ṣèmi nìyẹn wà. Ti inú, níbi tí èsì gan-an wà, wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹni tí àṣìṣe yìí bá tọwọ́ rẹ̀ wá," ni ọ̀gá àgbà wí, "kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lónìí."

Ìyá Ìbejì wo Kì-í-ṣèmi. Ó mọ ohun tí àgbàlagbà náà máa sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

"Kì í ṣe èmi," ni bàbá náà wí lóòótọ́. "Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọ̀gá, ẹ dìde. Ẹ̀yin ni aláìsàn."

Ó kọ "ÈSÌ/WỌLÉ" sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀gá láyà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fa "ÈSÌ" ya, ó ní kí ọ̀gá wọlé. Ìyá Ìbejì ṣe bí sáfà rẹ̀ ṣe ń ṣe: ó kọ ìwé tuntun, "WÒ Ó", ó sì ní kí ó gba ẹnu ọ̀nà padà wá.

"Mi ò mọ̀ yín," ni Kì-í-ṣèmi wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá yín!"

"Kò sí 'ÈSÌ' lórí ìwé yín. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ìgbà mẹ́fà ni ọ̀gá àgbà yí po kó tó fara ti ògiri, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì. Bàbá náà wúkọ́. "Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo fa 'ÈSÌ' ya. Èmi ló yẹ kí n lẹ̀ ẹ́ padà."

Ẹnu ya gbogbo wọn débi pé ọ̀gá àgbà gbàgbé pé òun fẹ́ lé èèyàn.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ọkùnrin yìí ti fi ọjọ́ mẹ́ta bá oníná jiyàn lórí ẹni tó yọ wáyà kan, wáyà náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da tíì sórí kíbọ́ọ̀dù rí. "Kì í ṣe èmi," ló wí. "Ife yìí ni kò mọ ìdúró." Ìyàwó rẹ̀ sì sọ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá náà pé nígbà tí òun kọ́kọ́ sọ fún un pé òun ti lóyún, ẹnu rẹ̀ ti là. "Ó ní, 'Kì í ṣ—.' Mo wò ó. Ó gbé ìyókù mì."

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú náà, wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì kó àwọn òfin sáfà ẹnu ọ̀nà lọ sórí ẹ̀rọ tuntun. Ó ń ka fáìlì náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìlà tó ń lẹ "ÈSÌ" padà wà níbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà. Orúkọ tí sáfà inú ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, orúkọ tí Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ yí padà lọ́jọ́ kan ṣáájú wàhálà náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Sáfà ẹnu ọ̀nà kò kàn dá orúkọ tuntun mọ̀ ni, kò sì lẹ "ÈSÌ" padà.

Lábẹ́ rẹ̀, bàbá náà ti fi ìlà kejì kún un, pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ó kọ àkíyèsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ọmọ náà ní ìbejì nílé. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ìbejì jókòó, ó tún un kà. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, kó tó di pé omi bo ojú rẹ̀. Nígbà tó ríran dáadáa, ó kó ìlà méjèèjì lọ sórí ẹ̀rọ tuntun bí wọ́n ṣe wà, ó sì kọ èyí sísàlẹ̀: "Ọ̀dọ̀ mi ló ti bàjẹ́. Ẹ ṣé, bàbá."