Ọ̀wọ́ Oyin Tó Rékọjá Odò Kolpa

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, Rozalija Plut, tí gbogbo abúlé wa ń pè ní Mámà Zalka, gbé etí lé ara ilé oyin rẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó kan pákó náà pẹ̀lú ìka. Ó tún gbé etí lé e. Ilé tó máa ń kùn bí ìjọ tó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ ti dákẹ́ rọ́rọ́.

Jernej ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ilé oyin náà sí ìsàlẹ̀ ọgbà, nítòsí odò. Yàrá onípákó ni, tí àpótí oyin tò léra wọn nínú ògiri rẹ̀ bí dúrọ́ọ̀ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ya àwòrán sí iwájú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí oyin má baà ṣìnà wọ ilé onílé: béárì kan ń jí afárá oyin gbé, ìyàwó kan ń fi kẹ̀kẹ́ ti ọkọ rẹ̀ tó mutí yó bọ̀ wálé. Lẹ́yìn tí Jernej kú, Zalka ló ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Òtútù ọdún náà ni kò jẹ́ kó ṣeé tọ́jú mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, màlúù a máa kú, ajá a máa kú, ṣùgbọ́n oyin a máa ṣaláìsí bí ènìyàn. Zalka wọlé, ó bọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó sì wọ aṣọ dúdú.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ọ̀fọ̀ lásán lọ ni pé àlejò ń bọ̀. Nínú oṣù kejì, nígbà tí oyin ṣì wà láàyè, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Tjaša Grilc ti wá láti Ljubljana, láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Orílẹ̀-èdè kékeré ni Slovenia wa. A kò ní ọmọ ogun tó lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, a kò ní epo rọ̀bì, a kò sì ní wúrà. Ẹni tí kò lágbára, ọ̀rẹ́ ló máa ń wá, oyin sì ni ìjọba wa fi ń wá ọ̀rẹ́ nígbà náà. Wọ́n fẹ́ kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún oyin, wọ́n sì ń tọrọ ìfọwọ́sí lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó tóbi jù títí dé orí erékùṣù tí ẹlòmíràn kò lè tọ́ka sí lórí máàpù. Wọ́n fẹ́ kó àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè wá wo ilé oyin gidi ní ìparí oṣù karùn-ún.

“Mámà, mo ti rí ilé oyin púpọ̀,” Tjaša sọ fún un lọ́jọ́ náà. “Tiyín ló wọ̀ mí lójú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún wa.”

“Àwọn èèyàn ńlá yìí, bí oyin bá fò, ṣé wọn ò ní sá?”

“Bí wọ́n bá sá, ẹ̀yin lẹ máa bá wa dá wọn padà.”

“Hẹn! Ẹnu ọmọ yìí dùn ju afárá lọ. Ó dáa, kó wọn wá.”

Ní báyìí, àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀, oyin ò sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni oyin tiwọn náà bá òtútù lọ. Ẹni tó ṣẹ́ kù díẹ̀ fún kì í tà. Zalka á gbé fóònù láti sọ fún Tjaša, á tún gbé e sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní ilé oúnjẹ nílùú ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó jẹ́ kí òun tú ilé oyin náà lọ, kí òun fi ṣe ọ̀ṣọ́. Zalka pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé bí oṣù karùn-ún bá parí tí oyin kankan kò sí níbẹ̀, òun á jẹ́ kó máa gbé e lọ. Ilé tó ṣófo kò ṣeé máa wò láràárọ̀.

Ẹnì kan wà tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Grga, ọ̀rẹ́ Jernej, ń gbé ní òdì-kejì odò, ní Croatia, ó sì ní oyin púpọ̀. Bí ènìyàn bá dúró sí ọgbà Zalka, á rí èéfín ilé ìdáná Grga. Ogójì ọdún làwọn ọkùnrin méjèèjì fi jọ ń gbé àpótí oyin kọjá odò tẹ̀lé ìtànná igi. Lẹ́yìn ikú Jernej, ní ìgbà òtútù, ìjọba tiwa ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí etí odò, nítorí àwọn tó ń sá ogun bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Grga wá sí etí omi lọ́jọ́ náà, ó ké sí Zalka pé, “Ìyàwó Jernej, ṣé èmi ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́?” Zalka pa fèrèsé dé. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìjọba méjì tó ń jiyàn lórí ààlà a máa kọ̀wé síra wọn. Àwọn arúgbó méjì yìí kò tilẹ̀ kọ ohunkóhun.

Ní agbedeméjì oṣù karùn-ún, Zalka ń gbin ewébẹ̀ nígbà tó gbọ́ ariwo ìkòkò láti òdì-kejì: gbàn-gan, gbàn-gan, gbàn-gan. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ó gbójú sókè. Ọ̀wọ́ oyin kan ń bọ̀ lórí omi bí èéfín tó ní ọkàn tirẹ̀. Wọ́n kọjá lórí wáyà, wọ́n yí po lórí ọgbà rẹ̀, wọ́n sì so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi lípa rẹ̀.

Òfin àtijọ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò. Ẹni tí oyin rẹ̀ bá fò lọ, kó máa tẹ̀lé e, kó máa lu ìkòkò kí gbogbo ayé gbọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń tẹ̀lé e, tirẹ̀ ṣì ni, ó sì lè wọ ọgbà ẹnikẹ́ni láti mú un. Ṣùgbọ́n bó bá dúró, tó yí padà, ẹni tó bá rí i ló ni ín.

Grga dé etí omi. Ó rí odò, ó rí wáyà. Ó dáwọ́ ìlù dúró.

Zalka wo orí igi. Oyin tó pọ̀ tó yẹn, oyin aláìléwu ilẹ̀ wa gan-an, nínú ọgbà òun, nígbà tí àpótí òun ṣófo. Kó kàn tẹ orí ba sínú ewébẹ̀ ni. Kó kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Grga ti ń yí ẹ̀yìn padà.

Zalka dìde, ó rìn dé ibi wáyà.

“Bàbá Grga! Kí lẹ dákẹ́ sí? Ẹ máa lu ìkòkò yẹn o! Bí ẹ bá dúró, oyin ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn!”

Ọkùnrin náà yí padà. “Kí ni kí n ṣe? Kí n fò ni? Mi ò níyẹ̀ẹ́!”

“Ẹ ní mọ́tò!”

“Mọ́tò tó dàgbà jù mí lọ!”

“Ẹ rọra wà á gba orí afárá odò ní Metlika. Mò ń bá yín ṣọ́ wọn.”

Grga sún mọ́ omi. “Ṣé ìwọ lò ń pè mí wá?”

“Ta lẹ tún ń rí níbí?”

Ó lu ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, gbàn! Ó sì yára lọ sílé.

Iṣẹ́ wá ku sọ́wọ́ Zalka. Oyin tó so rọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń rán alóre kiri láti wá ilé, bí wọ́n bá sì rí i, wọn á lọ láìdágbére. Ó ki ìgbálẹ̀ bọ omi, ó ń gbọ̀n ọ́n sí wọn lára kí wọ́n lè rò pé òjò ń rọ̀. Ó gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro ó. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n hó bí ẹni fẹ́ gbéra, lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n tún rọlẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ti kọjá orí igi ló tó gbọ́ ikọ́ mọ́tò Grga lójú ọ̀nà.

Arúgbó náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ koríko lọ́wọ́ kan, ìkòkò lọ́wọ́ kejì, ó ti ń sọ̀rọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

“Ọ̀dọ́ ọlọ́pàá yín kan lórí afárá odò ní, ‘Bàbá, kí lẹ ń wá ṣe ní Slovenia?’ Mo ní àwọn ẹbí mi kan ló sá kọjá odò láàárọ̀, mo wá mú wọn. Ó ní, ‘Èèyàn mélòó?’ Mo ní, bí ẹgbàá mẹ́wàá. Ha! Ojú ẹ̀ funfun! Ó ti ń pe ọ̀gá ẹ̀ kó tó rí ìkòkò lórí itan mi.”

Zalka rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Grga ń wò ó, ẹ̀rín sì kúrò lójú tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Aṣọ dúdú wo lo wọ̀ yìí? Ọ̀fọ̀ Jernej ti kọjá.”

Zalka tọ́ka sí ilé oyin. Grga wò ó. Kò sí ohun tó ń wọlé, kò sí ohun tó ń jáde níwájú àwọn àwòrán náà. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn.”

“O ò sì ránṣẹ́ sí mi kí n wá kí ẹ.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ ránṣẹ́? Ẹ ti kẹ̀yìn sí mi.”

“Ìwọ lo pa fèrèsé mọ́ mi lójú! Mo bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀, ó yẹ kó o dáhùn.”

“Mi ò rí èsì tí mo lè fún yín ni,” Zalka sọ jẹ́jẹ́. “Ojú ń tì mí.”

Grga dé fìlà rẹ̀ padà. Ó gun àkàbà, Zalka di apẹ̀rẹ̀ mú sábẹ́ ẹ̀ka, Grga sì gbọn ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá oyin àti àwọn ọmọ rẹ̀ jábọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ gìdì. Nígbà tí àwọn tó kù ti wọlé tán, Zalka sún sẹ́yìn kó lè ráyè gbé wọn lọ sínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n Grga kò gba ọ̀nà mọ́tò. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí ilé oyin tààrà, ó sì dà wọ́n sínú àpótí tó ní àwòrán béárì.

“Bàbá Grga, mi ò tọrọ ẹ̀bùn.”

“Ta ló sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn? Bí ọmọ bá sá wá sílé ẹni, a kì í lé e. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́, sọ ibi tí wọ́n ti wá.”

Zalka ṣèlérí. Ó wá sọ fún un nípa àwọn àlejò Ljubljana, ó sì sọ ẹ̀rù tó ń bà á: oyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílé lè kọ ilé náà, wọ́n lè fò lọ lójú gbogbo ayé.

“Má ṣí i wò,” Grga sọ. “Bí ìyá wọn bá yé ẹyin, wọ́n ti gbà. Bí kò bá yé, ṣíṣí ò ní mú un yé.”

Zalka kò ṣí i. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó sórí àga níwájú ilé náà, ó ń wò ó bóyá wọ́n ṣì ń wọlé, ó sì ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ àyálégbé.

Ọjọ́ pé. Bọ́ọ̀sì kan kó àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè dé, bàtà wọn ń dán nínú koríko. Zalka ti yan pogača, búrẹ́dì pẹlẹbẹ oníyọ̀ tiwa, ó sì gbé ọtí olóyin sórí tábìlì. Wọ́n wọ ilé oyin, wọ́n fún mọ́ra. Tjaša ń sọ̀rọ̀ fún wọn pẹ̀lú ayọ̀, Zalka sì ṣí ẹ̀yìn àpótí náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fa afárá kan jáde, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó.

“Mámà?” Tjaša bi í.

“Ó ti yé ẹyin,” Zalka sọ. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹyin kan dúró, ó tín-ín-rín, ó funfun bí ìdajì ẹyọ ìrẹsì. “Ẹ wò ó. Wọ́n ti gbà láti dúró.”

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Tjaša yíjú sí wọn, ó ní láti ayé àwọn baba ńlá ni oyin wọ̀nyí ti wà lórí ilẹ̀ yìí, pé oyin Slovenia pọ́ńbélé ni wọ́n.

Zalka fọwọ́ kàn án lápá. “Ọmọ mi, tún un sọ. Oyin òdì-kejì odò ni wọ́n. Oyin Grga ni. Mo ti ṣèlérí.”

Ojú Tjaša pọ́n. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni aṣojú Croatia dúró sí, ọkùnrin gíga kan tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan láti àárọ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àríyànjiyàn ààlà ń bẹ láàárín ìjọba méjèèjì. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kí òun wò. Ṣùgbọ́n Tjaša kì í ṣe ọmọ tó ń parọ́. Ó gbé orí sókè, ó ní kí Zalka sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó sì ń tún un sọ fún wọn bó ṣe rí, ó fi ìkòkò kún un, ó fi ọlọ́pàá orí afárá kún un.

Aṣojú Croatia tẹjú mọ́ afárá ọwọ́ Zalka. “Mámà,” ló wí, “ṣé wọ́n ní ìwé ìrìnnà?”

“Bàbá wọn ló ní in, ọ̀gá. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé oyin sì bá a rín in. “Ibo ni bàbá wọn náà wà?”

Kò jìnnà. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kò pè é, Grga ti wọ aṣọ tó dáa jù tó ní, ó dúró sí etí omi tirẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń dẹ ẹja. Aṣojú náà rìn dé ibi wáyà, ó sì kí i pẹ̀lú ohùn rara. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lórí omi nípa oyin, nípa òtútù, nípa ìlú tí aṣojú náà ti wá. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Tjaša, ohun tó sọ kò ju pé, “Ọ̀rọ̀ odò yìí, ẹ jẹ́ ká tún jókòó sọ ọ́. Mo fẹ́ kọ̀wé sílé nípa rẹ̀.” Tjaša dáhùn pé òun náà á kọ.

Wáyà náà kò kúrò lọ́jọ́ yẹn, kò sì kúrò lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìparí ọdún, gbogbo ayé gbà láti máa ṣe ọjọ́ oyin.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò ti lọ, Zalka rìn lọ sí etí odò.

“Bàbá Grga! Ó ti yé o!”

“Mo gbọ́! Ẹ̀yin lẹ pariwo jù!” Grga ká okùn ìdẹja rẹ̀ tí kò ní ìwọ̀. “Ó ti di ará Slovenia nìyẹn. Kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nípa owó orí.”

“Ẹ wá jẹ búrẹ́dì lọ́la. Ó ṣẹ́ kù.”

“Màá gba orí afárá.”

Zalka padà sí ilé oyin. Ó bọ́ aṣọ dúdú náà, ó so aṣọ ìdáná mọ́dìí, ó mú ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìda àtijọ́ kúrò nínú àpótí kejì, nítorí pé bí oyin náà bá ṣe dáadáa, wọn á pọ̀ ju àyè àpótí kan lọ.